Àgọ́ Inú Àbàtà: Láti Ìdó dé Okavango

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di ògbufọ̀ báyìí, kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ kan fún un: ìwé ìpolówó nípa ibi ìgbafẹ́ kan ní gúúsù Áfíríkà, níbi tí àwọn olówó ti ń sùn nínú ilé aláṣọ láàárín àbàtà, tí wọ́n ń wo erin àti erinmi. Ó ní: "Prof, ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni kí n pè é? Tí mo bá kọ 'àgọ́', àwọn ará Èkó á rò pé kánópì òde ijó ni. Tí mo bá kọ 'ibùdó', wọ́n á rò pé àwọn ọmọ ogun ló wà níbẹ̀. Tí mo bá sì kọ 'kám̀pù', wọ́n á bi mí pé ṣé ìsọjí ni."

Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà pé kó kọ 'àgọ́', kó má sì bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ilẹ̀ tí mo jókòó lé lórí ní Ẹnu Ọ̀wá yìí, tí Ìga Ọba ò ju ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ sí, àgọ́ inú àbàtà lòun náà nígbà kan. Orúkọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ẹ mú 'ibùdó', 'tẹ̀dó' àti 'olùdó'. Ọ̀rọ̀ ìṣe kékeré kan ló wà nídìí gbogbo wọn, 'dó', ìyẹn ni kí a dúró síbì kan, kí a fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. (Lónìí a kì í dá a pè níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé kí kíláàsì má baà dàrú, àwọn tó máa ń jókòó lẹ́yìn nínú kíláàsì mi mọ ohun tí mò ń wí.) Láti ara rẹ̀ la ti rí 'ìdó', tó di orúkọ ìlú káàkiri: Ìdó-Èkìtì, Ìdó-Ọ̀ṣun, Ìdó tó wà lẹ́bàá Ìbàdàn, àti Ìdó tiwa níbí, tó jẹ́ erékùṣù kékeré láàárín Èkó àti Ẹ̀bùté Mẹ́ta kí wọ́n tó fi ilẹ̀ dí omi tó yí i ká.

Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè tẹ̀ lé àwo kan tó ń léfòó lójú odò, títí àwo náà fi rì ní Ìdúmọ̀tà, pé láti ara 'àwo rì' ni orúkọ Àwórì ti jáde. Èmi kì í tètè gba irú ìtúpalẹ̀ orúkọ báyìí, ó ti máa ń dùn jù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìtàn náà là sílẹ̀ bá ilẹ̀ mu: àwọn èèyàn tẹ̀ lé odò wá sí ẹnu ọ̀sà, wọ́n sì dó sí Ìdó. Wọ́n ní Arómirẹ́, tí ìtàn pè ní ọmọ Ọlọ́fin, ló dá oko ata sí erékùṣù tó kọjú sí Ìdó. Ẹ gbọ́ omi nínú orúkọ ọkùnrin náà. Lórí oko ata yẹn ni Ìga Ìdúngànràn wà títí dòní.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Bìní dé. Lédè Ẹ̀dó, 'eko' ni wọ́n ń pe ibi tí àwọn èèyàn pàgọ́ sí, ìbáà ṣe ọmọ ogun, ìbáà ṣe àgbẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Yunifásítì Bìní á ti gbọ́ orúkọ Ekosodin, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí lẹ́yìn ọgbà. 'Eko' kan náà ni. Àwọn kan ní rárá, 'oko' ata Arómirẹ́ ló di 'Èkó'. Ohùn ò jẹ́ kí n gbà. 'Oko' jẹ́ ohùn àárín méjì, re-re. 'Èkó' bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó parí lókè, dò-mí. N kò tíì rí òfin kan nínú ẹ̀ka èdè Àwórì tó ń sọ ti àkọ́kọ́ di ti èkejì. Ẹ sì wo bí àdúgbò wa tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'Ìdú-' ṣe pọ̀ tó: Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò, Ìdúngànràn alára. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló rí ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó tó túmọ̀ sí àdúgbò nínú wọn.

Ẹ̀rí yìí ò sì pin sẹ́nu àwa onímọ̀ èdè. Andreas Josua Ulsheimer, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì tó bá ọkọ̀ òyìnbó rìn, dé Èkó ní 1603. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé ìlú ẹnubodè Ọba Bìní ni, pé ọgbà líle yí i ká, pé ọmọ ogun ló ń gbébẹ̀ pẹ̀lú olórí ogun mẹ́rin. Àgọ́ ogun gan-an ló júwe, láì mọ̀ pé orúkọ ibẹ̀ ti sọ ọ́. Àwọn Potogí tó gba ojú òkun wá ṣáájú rẹ̀ rí omi, wọ́n sì kọ Lago de Curamo sórí máàpù wọn. 'Lago' ni adágún lédè wọn, 'lagos' tó bá pọ̀. Curamo sì wà ní Victoria Island títí di òní, Kuramo. Àlejò fi omi pe ibẹ̀, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ fi àgọ́ pè é. Àgọ́ méjì ló dojú kọra lórí ọ̀sà: ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, Ìdó, èkejì ń jẹ́ orúkọ Ẹ̀dó, Èkó. Nígbà tó yá, láyé Ọba Gabaro, ọmọ-ọmọ Aṣípa, ìtàn ní ìjókòó ọba kúrò ní ti àkọ́kọ́ wá sí èkejì.

Àgọ́ Yorùbá kì í sì í pẹ́ ní àgọ́. Ọ̀yọ́ tí ẹ mọ̀ lónìí, Àgọ́ Ọ̀jà ni kí Aláàfin Àtìbà tó kó dé ibẹ̀. Ìbàdàn, ibi tí àwọn ọmọ ogun oríṣiríṣi jókòó sí ní 1829 ni, wọn ò sì dìde mọ́. Àgọ́-Ìwòyè gbé tirẹ̀ dání síbẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, 'ibùdó' ni Ísírẹ́lì ń tú, 'àgọ́ àjọ' ni wọ́n ń rù láti ibì kan dé ibòmíràn, torí náà etí wa gbọ́ àgọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń rìn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo 'kám̀pù' tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ní 1983 ni Ìjọ Ìràpadà bẹ̀rẹ̀ sí lo ibẹ̀. Lónìí ó ní ilé, báńkì, iléèwé àti iná mànàmáná tirẹ̀, ìlú sì ni wọ́n ti ń pè é báyìí. Ẹnu àwọn awakọ̀ nìkan ló ṣì ń pè é ní kám̀pù.

Èkó ṣe bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ Èkó ní láti jẹ omi kó tó lè gbilẹ̀. Alákòró tí ẹ ń gbà kọjá láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, erékùṣù lọ́tọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Omi kan wọ inú ìlú ní Èlégbàta. Ìkòyí àti Èkó kò so pọ̀. Omi tí wọ́n ń pè ní MacGregor Canal, tó gba orúkọ gómìnà tó wà níbí ní 1899 sí 1904, ló wà láàárín wọn, wọ́n sì ti dí i. Victoria Island jẹ́ irà àti iyanrìn, ẹ̀fọn ló ni ín. Ní ayé tiwa yìí la wá da iyanrìn sínú òkun fúnra rẹ̀, tí Eko Atlantic fẹ́ gba nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá níbùú lóròó. Gbogbo igi ẹ̀gbà, gbogbo eèsún, gbogbo ibi tí ọ̀nì ń yáàrùn sí, abẹ́ ilé ló wà.

Ìdí nìyí tó fi yà mí lẹ́nu pé ọmọ Èkó ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sanwó kó lè sùn nínú àgọ́ láàárín àbàtà. Ohun tí baba ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló lọ ń wá.

Ọ̀rọ̀ 'sàfárì' fúnra rẹ̀ kò ní ẹranko nínú. Èdè Swahili ló ti wá, ìrìnàjò lásán ló túmọ̀ sí, wọ́n sì yá a lọ́wọ́ Lárúbáwá, 'safar'. Richard Burton wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tó ti Zanzibar wọ ilẹ̀ lọ wá àwọn adágún ńlá. Burton yìí náà ni wọ́n fi ṣe kọ́ńsúlù ní Fernando Po, tó sì gba Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1861, ọdún kan náà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Sàfárì nígbà náà ni alaaru, ìbọn àti àgọ́ kánfáàsì. Lẹ́yìn ìyẹn ni òyìnbó ọlọ́lá ń wá pa ẹranko fún eyín àti ìwo. Nígbà tó yá, kámẹ́rà gba ipò ìbọn, àgọ́ ò kúrò ní tiẹ̀.

Mo ti sùn nínú irú rẹ̀ rí, oru méjì péré. Iṣẹ́ kan gbé mi dé Botswana nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, ọmọ mi obìnrin ló sì san ìyókù, torí owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n Nàìjíríà ò lè san án: alẹ́ kan fún ẹnì kan ní irú ibẹ̀ lè ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ. Ọkọ̀ òfurufú kékeré ló gbé wa láti Maun. Láti òkè, ohun tí mo rí ni Èkó láìsí ilé: omi tó ń wé bí ejò láàárín koríko, erékùṣù kéékèèké tí ọ̀pẹ dúró lé, àti yanrìn funfun létí rẹ̀.

Àgọ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí pèpéle igi ni wọ́n gbé e lé, ògiri rẹ̀ jẹ́ kánfáàsì, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ tóbi ju tilé mi lọ, omi gbígbóná sì ń yọ ní balùwẹ̀. Tílẹ̀ bá ti ṣú, wọn ò ní jẹ́ kí o dá rìn láti àgọ́ rẹ dé ibi oúnjẹ. Ẹnì kan á wá mú ọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, torí erinmi máa ń jáde wá jẹ koríko lóru. Mo gbọ́ ọ tó ń kùn lẹ́yìn aṣọ bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀. N kò sùn dáadáa. Láàárọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé wa sínú mokoro, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba èèyàn méjì. Ó dúró sẹ́yìn, ó ń fi ọ̀pá gígùn tì í lọ láàárín koríko omi, bí ẹ ṣe ń rí àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ ní Makoko. Igi gbígbẹ́ ni mokoro tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ti di fáíbà báyìí kí wọ́n má baà gé àwọn igi ńlá tán. Òórùn ẹrẹ̀ àti ewé tó ń rà lábẹ́ omi ló kọ́kọ́ kò mí lójú. Òórùn ọ̀sà ni. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Odò Okavango kì í dé òkun. Òjò tó rọ̀ ní òkè Angola ló ń rìn díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó tó dé Botswana, tó fi jẹ́ pé àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ni omi ń kún níbẹ̀, tí ẹranko gbogbo ń rọ́ wá mu. Nígbà tó bá tẹ́ tán, iyanrìn àti oòrùn ló ń mu ún.

Apá kan ibẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹranko ń jẹ́ Moremi. Mo mọ ohun tó wá sọ́kàn yín. Ó wá sọ́kàn tèmi náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ̀wé sí mi pé Mọremí Ilé-Ifẹ̀ dé Botswana o! Èdè Setswana ló ni tiwọn: 'mo-' tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di olùṣe, 'rema' tó jẹ́ kí a fi àáké gé nǹkan, àti '-i' ìparí. Agégi, ká pè é bẹ́ẹ̀. Ìjọra ni, kì í ṣe ìbátan. Orúkọ àwọn ọba Batawana ni, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín pé orúkọ agégi ló ń dáàbò bo igbó.

Bí wọ́n ṣe yà á sọ́tọ̀ ló yẹ kí ọmọ Èkó gbọ́. Ní 1963, ọdún mẹ́ta kí Botswana tó gbòmìnira, àwọn Batawana jókòó ní kgotla, ìyẹn gbàgede ìpàdé ìlú wọn, wọ́n sì pinnu pé kí apá kan ilẹ̀ wọn wà fún ẹranko, torí ọdẹ ti fẹ́ pa á tán. Obìnrin ló wà lórí ìtẹ́, Pulane Moremi, opó Ọba Moremi III, tó ń ṣe adelé. Kì í ṣe gómìnà òyìnbó ló pàṣẹ fún wọn. Nígbà tó yá, ìjọba Botswana mú ìlànà kan, tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní 1990, pé kí àlejò kéré, kí owó tí wọ́n ń san pọ̀. Àgọ́ bá ìlànà náà mu nítorí pé ó ṣeé tú palẹ̀. Yíyá ni wọ́n ń yá àwọn oníṣòwò nílẹ̀, pẹ̀lú iye ọdún, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì gbọdọ̀ da kọnkéré sílẹ̀. Nígbà tí UNESCO kọ Okavango sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2014, òun ni ó pé 1,000.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ fún ògbufọ̀ wa pé kó kọ 'àgọ́' nìyẹn. Àwọn yẹn fi òfin de àgọ́ kó má di ìlú. Àwa ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ rí. Àgọ́ tí kò bá di ìlú lójú Yorùbá, ogun ló fọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ìyókù rẹ̀ náà. Àwọn Bugakhwe, lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Basarwa, ń dẹ, wọ́n ń pẹja nínú ilẹ̀ yẹn kí Batawana tó dé ibẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n ya Moremi sọ́tọ̀, wọ́n ní kí wọ́n kó jáde. Abúlé wọn, Khwai, wà lódì kejì odò báyìí, lẹ́nu géètì àríwá. Wọ́n ti ní àjọ tiwọn tó ń rí owó lára àlejò, ìyẹn dáa. Àmọ́ ìpinnu kgotla tí mo yìn lókè yìí, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé ilẹ̀ náà ló wà níbi tí wọ́n ti ṣe é. Níbi gbogbo tí mo bá ti gbọ́ pé ilẹ̀ kan wà láìsí èèyàn, mo máa ń bi í pé ta ló kó jáde.

Ká wá bi í ní Èkó. Kì í ṣe pé àwa ò ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ wa bíi Batawana. Ní 1921, Àmọ́dù Tìjánì, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, borí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ilẹ̀ Àpápá. Herbert Macaulay bá a lọ. Ilé ẹjọ́ gbà pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ẹbí. Ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ wá ni £22,500. Ìṣẹ́gun ńlá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ló wọlé, ilẹ̀ ti di èbúté.

Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ̀rẹ̀ ní 1924, ìjọba dá LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó ṣe. Ní 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ ètò láti wó nǹkan bí éékà 70 láàárín Èkó, kí wọ́n sì kó àwọn tó ń gbébẹ̀ lọ sí Surulere. Peter Marris, tó wádìí ọ̀rọ̀ náà tó sì gbé ìwé jáde ní 1961, rí i pé oníbàárà àwọn ìyá tó ń tajà kò tẹ̀ lé wọn, pé ẹbí tó ti ń gbé agboolé kan náà fọ́n ká, àti pé owó ọkọ̀ ń jẹ ohun tí wọ́n bá rí. Ilé tuntun wọn mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Marris ò sì sẹ́ ìyẹn.

Maroko burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn ará Maroko ò tilẹ̀ rí Surulere. Ní Oṣù Keje 1990, láyé Raji Rasaki tó jẹ́ gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n wó gbogbo rẹ̀. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló di aláìnílé. Ọ̀kan nínú ìdí tí ìjọba fún aráyé ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé omi lè bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu iyanrìn sórí rẹ̀, tí àwọn olówó sì kọ́ ilé sí i. Omi tí ò jẹ́ kí tálákà gbébẹ̀ yọ̀ǹda fún olówó.

Ọdún yẹn kan náà ni ọgbà ìdáàbòbò Lekki bẹ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà kan náà téèyàn fi ń kọjá lára Maroko lọ síwájú. Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ni ín. Héktà 78 ni gbogbo rẹ̀: irà, ọ̀pẹ, koríko, ọ̀bọ tó máa ń já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé, àti ọ̀nì téèyàn lè má rí. Láti 2015 ni wọ́n ti ta afárá okùn tó gùn tó mítà 401 sórí igi níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ ti ń ya fọ́tò. Téèyàn bá dúró lójú ibi tó ga jù lórí rẹ̀, òrùlé ni yóò rí lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti géètì.